Nígbà Tí Iná Bá Dé Ni Iyanrìn Ń Pa Fílítà

Èyí ni ọ̀rọ̀ ètò wa ti ọ̀sẹ̀ yìí, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọkọ̀ tí ẹ kò ní earpiece lọ́wọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ dátà yín lò.

Èmi náà ni, láti Àgùdà níbí, ní Sùúrùlérè. Bí ẹ bá ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn mi, ẹ má bínú. Wọ́n ti mú iná lọ, ẹ̀yin náà sì mọ bó ṣe ń rí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí wá látinú ohùn tí ẹnìkan nínú yín fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún táǹkì ẹja ṣe fún àwọn ilé oúnjẹ, ilé onídìrí àti ọ́fíìsì káàkiri Sùúrùlérè àti Yábà. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Fílítà mẹ́ta ló ti kú lọ́wọ́ mi láàárín oṣù mẹ́rin, inú táǹkì oníyanrìn sì ni gbogbo wọn wà. Oníbàárà mi kan ti ní kí n san owó ẹja rẹ̀ tó kú. Ṣé kí n kó gbogbo iyanrìn yẹn dà nù ni?”

Àbúrò, ìdáhùn mi kúkúrú ni pé rárá, má tíì dà á nù. Ìdáhùn gígùn ni ètò òní.

Bí ẹ kò bá ní rántí ohun mìíràn, ẹ rántí ẹyọ kan yìí: nílùú Èkó, kì í ṣe ìgbà tí fílítà ń ṣiṣẹ́ ni iyanrìn máa ń pa á jù. Ìgbà tí iná bá lọ, tó sì tún dé, ni. Àwọn tó ṣe fílítà wọ̀nyí ṣe é fún ilé tí iná kì í lọ. Wọ́n ní kí ẹ tàn án, kó máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Lọ́dọ̀ wa, ó lè kú kó sì jí ní ẹ̀ẹ̀mẹfà kí ilẹ̀ tó ṣú. Àjíǹde yẹn gan-an ni ìṣòro.

Abẹ̀bẹ̀ tó wà nínú rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká tú fílítà kan wò. Ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi kọ́ etí táǹkì, ì báà jẹ́ èyí tó ń rì sínú omi, ì báà jẹ́ onígárawa tó ń jókòó sábẹ́ tábìlì, ọkàn wọn jọra. Òòfà kékeré kan ni, tó rí gbọọrọ bíi ṣọ́ọ̀kì, tí abẹ̀bẹ̀ onírọ́bà wà lórí rẹ̀. Àwọn tó ń tà á ń pè é ní impeller. Abẹ̀bẹ̀ ni èmi yóò máa pè é lónìí. Ọ̀pá tín-ín-rín kan, tó lè jẹ́ irin tàbí seramíìkì, gba àárín rẹ̀ kọjá. Gbogbo rẹ̀ jókòó sínú ihò kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jù ú lọ. Wáyà tí wọ́n wé, tí wọ́n sì fi ohun líle bò kí omi má baà dé ibẹ̀, wà lẹ́yìn ògiri ihò yẹn. Bí iná bá gba inú wáyà náà kọjá, òòfà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, abẹ̀bẹ̀ á sì máa ti omi lọ.

Kò sí òróró kankan nínú ihò yẹn. Omi fúnra rẹ̀ ni òróró rẹ̀, òun náà ló sì ń mú un tutù. Àyè tó wà láàárín òòfà àti ògiri kéré débi pé hóró iyanrìn kan péré lè há sibẹ̀. Ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà sọ: bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ. Bẹ́ẹ̀ ni hóró iyanrìn sí fílítà.

Bó bá ti wọlé, ohun mẹ́ta ló lè ṣe. Ó lè máa ha òòfà àti ògiri ihò bí ẹni ń fi iyanrìn fọ ìkòkò. Ó lè jẹ ihò àárín abẹ̀bẹ̀ títí yóò fi gbòòrò, tí abẹ̀bẹ̀ á wá máa mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀. Tàbí kó há, kí abẹ̀bẹ̀ má lè yí mọ́ rárá.

Ẹ lè fi etí mọ̀ ọ́n kí ẹ tó fi ojú rí i. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi headphone sétí, kí n máa yọ ariwo kúrò lára ohùn ènìyàn. Inú yàrá kan náà tí mo ti ń gba ohùn sílẹ̀ ni táǹkì mi wà, torí yàrá kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ gbọ́ èyí.

[Ohùn fílítà àkọ́kọ́]

Ìyẹn mọ́. Ó kàn ń kùn díẹ̀díẹ̀, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ. Ẹ wá gbọ́ èkejì.

[Ohùn fílítà kejì]

Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ó dà bí ẹni ń rún gúgúrú lẹ́nu. Hóró iyanrìn díẹ̀ ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sínú fílítà àlòkù kan kí ẹ lè gbọ́ ọ. Ẹ fi ohùn yẹn sọ́kàn. Ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ ọ nílé yín, ẹ má ṣe sọ pé ó máa tó dákẹ́. Bó bá dákẹ́, ó lè jẹ́ pé ó ti kú ni.

Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà tí iná bá dé?

Nígbà tí omi ń ṣàn, ìṣàn náà máa ń gbé hóró kéékèèké kọjá. Bí iná bá lọ, ìṣàn dúró. Gbogbo iyanrìn tó ń fò lọ nínú páìpù àti nínú àpótí fílítà á sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan á wọ inú ihò abẹ̀bẹ̀, wọ́n á jókòó sí ìdí òòfà.

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, gbogbo àdúgbò pariwo “Up NEPA!” Iná ti dé. Ìgbà tí irú mọ́tò kékeré yìí bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni agbára rẹ̀ kéré jù. Àwọn mìíràn kò ju wáàtì márùn-ún sí mẹ́wàá lọ. Ó máa ń gbọ̀n sọ́tùn-ún, gbọ̀n sósì, kó tó mú ọ̀nà kan. Bí iyanrìn bá ti dì í mú nísàlẹ̀, kò ní lè já ara rẹ̀ gbà. Bí iná tó dé bá tún wá jẹ́ iná tí kò lágbára, irú èyí tí fáànù á kàn máa fi ẹsẹ̀ wọ́ lọ, ó tún burú sí i.

Ohun tó wá léwu ni pé wáyà inú rẹ̀ ṣì ń gba iná. Abẹ̀bẹ̀ kò yí, omi kò ṣàn láti mú un tutù, gbogbo rẹ̀ á wá máa gbóná. Ẹ̀yin sì wà ní ibi iṣẹ́. Gílóòbù orí táǹkì ń tàn. Ẹni tó bá wọlé á rò pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹja?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kí omi lè mọ́ lójú nìkan ni fílítà ṣe wà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹja máa ń gba ìjàgbọ̀n rẹ̀ tú amóníà sínú omi, amóníà sì jẹ́ májèlé fún ẹja. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń gbé inú fóòmù fílítà. Wọ́n ń sọ amóníà di nitrite, tí òun náà ṣì jẹ́ májèlé. Àwọn mìíràn á wá sọ nitrite di nitrate, tí ẹja lè fara dà dáadáa títí tí ẹ ó fi pààrọ̀ omi.

Àwọn kòkòrò yìí nílò ọ́síjìn, omi tó ń ṣàn ló sì ń gbé e wá fún wọn. Bí fílítà bá dúró pẹ́, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ tún rántí pé omi tó gbóná kì í gba ọ́síjìn tó omi tútù, ẹ sì mọ bí ooru Èkó ṣe ń rí. Bí ẹja bá pọ̀ nínú táǹkì, ẹ ó rí i tí wọ́n á gbé ẹnu sókè, tí wọ́n á máa mí gúlegúle. Ebi kọ́ ló ń pa wọ́n o. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ nígbà yẹn.

Nítorí náà, àbúrò, ó ṣeé ṣe dáadáa kí hóró iyanrìn tó wọ fílítà lálẹ́ Sátidé jẹ́ ohun tó pa ẹja oníbàárà rẹ ní ọjọ́ Ajé.

Iyanrìn wo?

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Iyanrìn tó dára fún táǹkì ni èyí tí hóró rẹ̀ tó bíi ti ṣúgà, ìyẹn láàárín ìdajì mìlímítà sí mìlímítà kan. Ó wúwo tó láti tètè padà sílẹ̀ bí ẹja bá rú u sókè. Èyí tó kúnná bí ìyẹ̀fun ló máa ń léfòó, òun ló sì máa ń rìn dé inú fílítà.

Èyí tí ọ̀pọ̀ wa máa ń rí ni iyanrìn àwọn kọ́lékọ́lé. Ẹ má lo plaster sand. Amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, omi yín á rí bíi ti gọ́tà. Sharp sand sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sẹ́ ẹ kí ẹ lè yọ òkúta ńlá àti ìyẹ̀fun inú rẹ̀ kúrò. Iyanrìn etíkun ní iyọ̀ àti ìkarahun. Ìkarahun máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń mú kí omi le. Èyí tí wọ́n wà láti inú ọ̀sà náà lè ní iyọ̀ nínú, torí omi òkun máa ń wọ inú ọ̀sà Èkó.

Àyẹ̀wò méjì wà tí ẹ lè ṣe nílé. Ẹ da fínígà díẹ̀ sórí ẹ̀kúnwọ́ iyanrìn kan. Bó bá hó, ìkarahun wà níbẹ̀. Èkejì ni ti òòfà, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Ẹ wá spíkà tó ti bàjẹ́, ẹ yọ òòfà ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi náílọ̀nù wé e, kí ẹ wá fà á kọjá lórí iyanrìn gbígbẹ. Àwọn hóró dúdú kan wà tí wọ́n ní irin nínú. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ náílọ̀nù yẹn. Ẹ rántí pé òòfà ni ọkàn fílítà yín. Bí irú hóró bẹ́ẹ̀ bá dé inú rẹ̀, kì í kàn án kọjá lọ. Á lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n pọ̀, ẹ wá iyanrìn mìíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ dá iyanrìn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kó má ju ìdá mẹ́ta bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹ bu omi sí i, ẹ fi ọwọ́ rú u bí ẹni ń fọ ìrẹsì, ẹ da omi náà nù, ẹ tún bu òmíràn. Ẹ máa ṣe é lọ títí ẹ ó fi rí iyanrìn kedere lábẹ́ omi lẹ́yìn tí ẹ bá rú u. Ó lè gba ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má fi ọṣẹ sí i o. Ẹ má sì dà á sínú síńkì, torí lándílọ́ọ̀dù yín á pè yín.

Bí a ṣe ń tẹ́ ẹ sínú táǹkì

Ìwọ̀n íǹṣì kan sí méjì ti tó. Bí ẹ bá ti tẹ́ iyanrìn, ẹ gbé abọ́ pẹrẹsẹ kan lé e lórí, kí ẹ sì máa da omi sórí abọ́ náà díẹ̀díẹ̀. Abọ́ yẹn ni kò ní jẹ́ kí omi wa ihò sínú iyanrìn.

Bí omi bá ti kún, ọwọ́ á máa yún yín láti tan fílítà. Ẹ ní sùúrù. Ẹ fi í sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì kí gbogbo ohun tó ń fò lè sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó bá ṣì léfòó sójú omi, ẹ fi abọ́ kékeré bù ú kúrò. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fi pọ́lọ́ọ̀gì sí sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ẹnu fílítà

Ibí yìí ni ẹ ti máa gba ara yín là jù. Ẹnu tí fílítà fi ń fa omi gbọ́dọ̀ ga ju iyanrìn lọ ní íǹṣì mẹ́ta, ó kéré tán. Bí fílítà yín bá jẹ́ èyí tó ń rì sínú omi, ẹ má gbé e jókòó sórí iyanrìn. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì lókè.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóòmù bo ẹnu yẹn. Wọ́n ń ta irú fóòmù bẹ́ẹ̀ tó ti ní ihò láàárín. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ gé fóòmù fílítà lásán, ẹ lu ihò sí i, ẹ tì í bọ ẹnu páìpù. Mo mọ àwọn tó ń lo sítọ́kíńsì obìnrin. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè dí, fílítà tí ẹnu rẹ̀ bá sì dí ń ṣiṣẹ́ àṣekú ni. Ẹ máa fọ fóòmù ẹnu yìí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Omi táǹkì tí ẹ bá ń dà nù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Omi ẹ̀rọ tó ní chlorine máa ń pa àwọn kòkòrò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tí omi ń gbà jáde náà ṣe pàtàkì. Ẹ kọjú rẹ̀ sí òkè, kó máa mi ojú omi. Bí ó bá kọjú sílẹ̀, á máa fẹ́ iyanrìn dìde lójoojúmọ́. Mímì ojú omi yẹn náà ló sì ń mú ọ́síjìn wọlé, nítorí náà ẹyẹ méjì ni ẹ fi òkúta kan pa.

Ẹ̀yin tí ẹ ní fílítà tó ń lọ sábẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, èyí tó dà bí asẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ má fi iyanrìn sórí rẹ̀. Iyanrìn á jò wọ inú ihò rẹ̀ títí yóò fi dí pátápátá.

Bí ẹ bá ń fi rọ́bà fa ìdọ̀tí, ẹ kọ́kọ́ pa fílítà. Ẹ gbé ẹnu rọ́bà sókè díẹ̀ ju iyanrìn lọ, kó máa fa ìdọ̀tí nìkan. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó tún fílítà tàn.

Ẹja tó ń walẹ̀

Ẹja kan wà tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Pelvicachromis pulcher ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, krib ni àwọn tó ń sìn ín ń pè é. Láti ọdún 1901 ni wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Odò gúúsù Nàìjíríà ni ilé rẹ̀, síbẹ̀ ó wà nínú táǹkì káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Bí abo rẹ̀ bá fẹ́ yé ẹyin, ikùn rẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Òun àti ọkọ rẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu kó iyanrìn, wọ́n á máa tu ú síta láti gbẹ́ ihò tí wọ́n máa kó ọmọ sí.

Goldfish náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni tirẹ̀. Á bu iyanrìn sẹ́nu, á yọ ohun tó fẹ́, á tu ìyókù. Ẹja kan tún wà nínú odò Ọya tí ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ gùn bí ọwọ́jà erin, Gnathonemus petersii. Ọwọ́jà yẹn ló fi ń tú ilẹ̀, iná kékeré tó ń jáde lára rẹ̀ ló sì fi ń mọ ọ̀nà nínú òkùnkùn. Òun àti òjìjí ni kò dúró de NEPA ní orílẹ̀-èdè yìí.

Bí ẹ bá ní irú ẹja wọ̀nyí, ẹ má yọ iyanrìn kúrò lọ́dọ̀ wọn, ohun tí Ọlọ́run dá mọ́ wọn ni. Ohun tí ẹ máa ṣe ni kí ẹ gbé èèpo àgbọn tàbí òkúta tí wọ́n máa fi ṣe ilé sí apá kejì táǹkì, kó jìnnà sí ẹnu fílítà. Ibi tí ilé wọn bá wà ni wọ́n á ti walẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná

Àwọn kan máa ń pa fílítà lálẹ́ kí unit má baà tán. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná Band A sí náírà 225 fún unit kan. Bí fílítà yín bá ń jẹ wáàtì 8, tó sì ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún ọgbọ̀n ọjọ́, unit 5.76 ni. Bí a bá fi 225 sọ ọ́ di púpọ̀, náírà 1,296 ni fún oṣù kan gbáko. Tí ẹ bá ń pa á lóru, ẹ̀rínwó sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà péré ni ẹ ń tọ́jú, ẹ sì ń fi àjíǹde kan kún àwọn tí NEPA ti ń fún un tẹ́lẹ̀. Kò pé yín.

Bí iná bá lọ, tí ẹ sì wà nílé, ẹ pa sọ́kẹ́ẹ̀tì fílítà. Bí iná bá dé, ẹ jẹ́ kó dúró dáadáa ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ wá tan fílítà fúnra yín, kí ẹ sì tẹ́tí sí i. Bí omi bá ṣàn, tí kò pariwo, ẹ máa lọ. Bó bá ń kùn ṣùgbọ́n tí omi kò jáde, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Bí iná bá lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, pàápàá bó bá jẹ́ fílítà onígárawa tó dé pa, ẹ ṣí i kí ẹ tó tàn án, kí ẹ fi omi táǹkì ṣan fóòmù rẹ̀. Omi tó ti bà sínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ẹja.

Bí kò bá wá sí ẹnikẹ́ni nílé ńkọ́? Fílítà olóhun-afẹ́fẹ́ ni ìdáhùn. Fóòmù lásán ni, tí rọ́bà tín-ín-rín kan ń gbé afẹ́fẹ́ bọ inú rẹ̀ láti ara pọ́ǹpù tó wà níta omi. Kò sí abẹ̀bẹ̀ nínú omi rárá, nítorí náà iyanrìn kò ní ohun tó máa bà jẹ́. Ẹ kàn gbé e lé òkúta pẹrẹsẹ kí iyanrìn má bò ó. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tó ń lo USB wà, power bank lè gbé e di òwúrọ̀. Ẹ ṣáà gbé pọ́ǹpù náà ga ju ojú omi lọ, tàbí kí ẹ fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sí rọ́bà rẹ̀. Láìṣe bẹ́ẹ̀, bí iná bá lọ, omi lè gba rọ́bà padà wọ inú pọ́ǹpù.

Bó bá ti ń pariwo ńkọ́?

Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì kúrò kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ omi. Mo tún un sọ: ẹ yọ ọ́. Ẹ ṣí ẹnu ihò abẹ̀bẹ̀, ẹ rọra fà á jáde tààrà. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá jẹ́ seramíìkì, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á dá. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rírọ̀ fọ òòfà, ẹ wá fi òwú tí a fi ń nu etí nu inú ihò títí dé ìdí rẹ̀. Ẹ fi omi ṣàn án. Ẹ má fi òróró, gírísì tàbí Vaseline sínú ihò yẹn.

Ẹ dá a padà, ẹ fi ọwọ́ yí i. Ó yẹ kó yí láìsí ìháragàgà. Ẹ dán an wò nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, kì í ṣe lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bó bá ṣì ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, abẹ̀bẹ̀ nìkan ló lè nílò ìpààrọ̀, kì í ṣe gbogbo fílítà. Ẹ gbé àlòkù náà dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, kó lè fi wé tuntun. Kí ẹ sì jẹ́ kí wáyà fílítà yín rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó gun sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tó bá ń sun lára rẹ̀ má baà ṣàn wọ inú iná.

Kódà bí kò bá pariwo, ẹ máa ṣe gbogbo èyí lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kò lè gbà yín ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Àbúrò, ó ku ìwọ

Lọ tú àwọn fílítà mẹ́ta yẹn kí o tó jù wọ́n nù. Bóyá abẹ̀bẹ̀ ló há. Bí wáyà inú rẹ̀ kò bá tíì jóná, ó ṣeé ṣe kó o rí ọ̀kan tàbí méjì gbà padà.

Ní gbogbo ibi tí o ti ń ṣiṣẹ́, fi fóòmù sí ẹnu fílítà, kó o sì fi fílítà olóhun-afẹ́fẹ́ kan kún un. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á mú ẹja dé ìgbà tí o máa padà wá. Kọ ọ́ sórí ìwé, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa èyí. Bí iná bá dé tí omi kò ṣàn, ẹ pè mí.” Fi nọ́ńbà rẹ sí i. Ẹni tó ń tilẹ̀kùn lálẹ́ kò mọ ohun tí fílítà ń ṣe, ó kàn ń pa gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe ní kó ṣe.

Ní ti owó ẹja, lọ bá oníbàárà rẹ, kí o fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Gbé fílítà tí o tú lọ, fi iyanrìn tó wà nínú ihò hàn án, kó o ṣàlàyé ohun tí iná ń ṣe. Wá sọ ohun tí o ti yí padà kó má baà ṣẹlẹ̀ mọ́. Bóyá ẹ ó pín owó náà, bóyá yóò ní kó o gbàgbé ẹ̀. N kò lè bá ọ ṣèlérí ìyẹn. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó bá rí i pé o mọ ìdí tí nǹkan fi bàjẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó gbọ́ “Mi ò mọ̀ o, sà.”

Ẹ̀yin tó kù, ẹ fi ohùn fílítà yín ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ti tó. Ẹ gbé fóònù mọ́ gíláàsì, kí ẹ pa fáànù kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Mo máa fi headphone gbọ́ wọn, màá sì sọ ohun tí mo bá gbọ́ fún yín.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Láti Àgùdà, ire o.